Ṣé dída fáìlì C++ pọ̀ lè mú kí kọ̀ǹpáìlì yá?

Ìbéèrè tó dé nìyí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbáńtokò ni mo ń gbé níbí ní Abẹ́òkúta. Mo ń kọ sọ́fítíwíà kan ní C++ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa fi ṣírò ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde. Fáìlì .cpp inú rẹ̀ ti di 120. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 8 GB àti core 4. Bí mo bá kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 14 ló ń gbà. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣe é, owó epo sì ti fẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹnì kan ní kí n da gbogbo fáìlì pọ̀ sójú kan, pé ìṣẹ́jú 2 ni yóò máa gbà. Mo ṣe fáìlì kan, mo fi #include pe gbogbo 120 sínú rẹ̀. Àṣìṣe 'redefinition' tó jáde kò lóǹkà. Mo tún wọn ṣe tán, ẹ̀rọ dúró gbagidi, ó kọ 'Killed'. Ṣé irọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

Àbúrò mi, kì í ṣe irọ́ rárá. Ẹni tó sọ fún ọ mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, odindi sì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ohun tó gbàgbé láti sọ ni pé a kì í kó gbogbo fáìlì sójú kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdì ìdì la ń dì wọ́n. Ohun kejì ni pé ìnira méjì lo ń pè ní ọ̀kan. Kíkọ̀ǹpáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ tó ń gba ìṣẹ́jú 14 jẹ́ ìnira kan. Àkókò tí o fi ń dúró lẹ́yìn tí o bá yí ìlà kan padà jẹ́ òmíràn. Dída fáìlì pọ̀ ń wo àkọ́kọ́ sàn, ó sì lè dá kún èkejì. Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lo ń kọ̀ǹpáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni kí o ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, nítorí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pa fódà build rẹ́ nígbàkigbà tí nǹkan ò bá lọ dáadáa. Bí ìwọ náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ lò ń da epo rẹ nù.

Jẹ́ ká wo ibi tí ìṣẹ́jú 14 yẹn ń bá lọ. Kọ̀ǹpáílà C++, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, kì í wo iṣẹ́ rẹ lódindi. Fáìlì .cpp kọ̀ọ̀kan ló ń mú lọ́tọ̀: á ka gbogbo hẹ́dà tí fáìlì náà fi #include pè, á ka àwọn tí hẹ́dà wọ̀nyẹn náà pè, á tú wọn palẹ̀, á wá kọ fáìlì .o kan jáde. Gbàrà tó bá parí, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tó kà. Bí fáìlì kejì bá dé, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí <string> àti <vector> bí ẹni tí kò fojú kàn wọ́n rí. Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, kọ g++ -E oja.cpp | wc -l sí terminal, kí o sì fi -I èyíkéyìí tí iṣẹ́ rẹ ń lò kún un. Fáìlì tí ìwọ kọ ìlà 200 péré sínú rẹ̀ lè di ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìlà nígbà tí hẹ́dà bá wọ inú rẹ̀ tán, pàápàá bó bá pe <iostream>, <regex> tàbí àwọn láíbìrì tó jẹ́ hẹ́dà látòkèdélẹ̀ bíi Eigen àti nlohmann/json. Ìlọ́po 120 ni kọ̀ǹpáílà ń ka ohun kan náà. Díẹ̀ ni kóòdù tìrẹ nínú iṣẹ́ náà.

Àwọn aláró Ìtòkú á tètè rí ọ̀rọ̀ yìí. Aró ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń pò ní wàràwàrà: a gbọ́dọ̀ gún ewé, ká sá a, ká fi omi eérú pò ó, ká sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbà. Kò sí aláró tó jẹ́ po ìkòkò tuntun fún aṣọ kọ̀ọ̀kan. Bí ìkòkò kan bá ti gbà, aṣọ mẹ́jọ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Hẹ́dà ni aró yìí, fáìlì .cpp rẹ sì ni aṣọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní unity build kò ju pé kí a kọ fáìlì kékeré kan tí yóò fi #include pe .cpp mẹ́jọ tẹ̀léra. Kọ̀ǹpáílà á ka <vector> nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ èkejì, include guard tàbí #pragma once á sọ fún un pé ó ti ka èyí, á sì fò ó. Àwọn fáìlì tìrẹ gan-an wà bí wọ́n ṣe wà. Bí o bá fi gdb wo ìṣòro lẹ́yìn náà, orúkọ fáìlì rẹ àti nọ́ńbà ìlà rẹ náà ni yóò fi hàn ọ́.

Èrè kejì wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Bí fáìlì mẹ́jọ bá ń lo std::vector<Oja>, ìgbà mẹ́jọ ni kọ̀ǹpáílà ń kọ kóòdù rẹ̀ jáde, tí línkà, èyí tó ń so àwọn .o pọ̀, á wá máa ju méje dànù. Nínú ìdì kan, ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọ ọ́. Fáìlì .o á dínkù, iṣẹ́ línkà náà á fúyẹ́. Nígbà mìíràn sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ á tún yára sí i, torí kọ̀ǹpáílà rí fọ́ńkíṣọ̀n púpọ̀ sí i papọ̀, ó sì lè fi ọ̀kan sínú òmíràn. SQLite, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, tó wà lórí fóònù Android tó wà lọ́wọ́ rẹ, ni wọ́n ń pín kiri báyìí: fáìlì tó ju 100 lọ ni wọ́n dà pọ̀ di sqlite3.c kan ṣoṣo, àwọn tó ń kọ ọ́ sì ní èyí ń jẹ́ kó fi nǹkan bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún yára ju bí wọ́n bá kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n èdè C ni SQLite, wọ́n sì ti kọ ọ́ lọ́nà tí orúkọ inú rẹ̀ kì í fi kọlu ara wọn. Firefox náà ń di fáìlì rẹ̀ ní ìdì ìdì, WebKit náà ń ṣe é. Chromium lò ó rí pẹ̀lú orúkọ jumbo, ó sì pa á tì níkẹyìn. Nítorí náà, ọ̀nà tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ti dán wò ni, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó dán an wò ló dì í mú.

Nísinsìnyí, "Killed" tí o rí. Línúùsì ló pa kọ̀ǹpáílà náà nítorí pé RAM tán. Kọ sudo dmesg | grep -i "out of memory", wàá rí orúkọ cc1plus níbẹ̀, òun ni kọ̀ǹpáílà gangan tó wà lẹ́yìn g++. Bí fáìlì bá ṣe ń gùn tó ni RAM tí kọ̀ǹpáílà ń jẹ ń pọ̀ tó, nítorí gbogbo ohun tó ti kà ló ń gbé dání títí tó fi máa parí. Fáìlì 120 lẹ́ẹ̀kan náà sì ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ tí ìwé ìkànnì ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí o bá ń lo Línúùsì nínú Windows, ìyẹn WSL, ọ̀rọ̀ náà tún burú jùyẹn: ìdajì RAM ni WSL2 ń gbà bí o kò bá sọ fún un, ìyẹn ni pé 4 GB péré ló wà lọ́wọ́ rẹ. Kọ free -h kí o wò ó. O lè kọ memory=6GB sábẹ́ [wsl2] nínú fáìlì .wslconfig tó wà ní fódà orúkọ rẹ lórí Windows, kí o pa WSL pẹ̀lú wsl --shutdown, kí o tún un ṣí. Bí kóòdù rẹ bá sì wà ní /mnt/c, kó o kúrò níbẹ̀ lọ sí fódà home inú Línúùsì, torí pé kíka fáìlì láti /mnt/c ń falẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpáìlì kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa ṣí fáìlì kéékèèké lọ.

RAM nìkan kọ́ ni ìṣòro fáìlì kan ṣoṣo yẹn. Kọ̀ǹpáílà kan ń lo core kan. Nígbà tí o kó 120 sínú fáìlì kan, core mẹ́ta káwọ́ gbera, ẹyọ kan ń làágùn. Ìdì mẹ́jọ-mẹ́jọ á fún ọ ní ìdì 15, core mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì rí iṣẹ́ ṣe. Ìdì 40-40 á fún ọ ní mẹ́ta péré, core kan á jókòó lásán, àwọn mẹ́ta yòókù á sì fẹ́ gbé RAM mì. Ohun tí mo máa ń wò kí n tó yan iye fáìlì inú ìdì kan ni pé kí ìdì tó wà níbẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye core, kí ìdì tó bá gùn jù má baà dá nìkan kù sẹ́yìn nígbà tí gbogbo wọn ti parí. Láti mọ RAM tí ìdì kan ń jẹ, fi /usr/bin/time -v ṣíwájú àṣẹ g++ tó kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, kí o wo ìlà "Maximum resident set size". Ká ní ó jẹ́ 1.2 GB, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà á jẹ́ nǹkan bí 4.8 GB. Bí ìyẹn bá fẹ́ ju agbára ẹ̀rọ rẹ lọ, sọ ìdì di mẹ́rin-mẹ́rin, tàbí kí o fi -j 3 dín iye tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kù. Ẹ̀rọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo swap, ìyẹn lílo disk bíi RAM, lórí hard disk onírin á falẹ̀ ju ìṣẹ́jú 14 tí o ń sá fún lọ.

Má fi ọwọ́ dì í mọ́. Pa fáìlì tí o fọwọ́ ṣe yẹn rẹ́, pàápàá bó bá wà nínú CMakeLists.txt pẹ̀lú àwọn 120 yòókù, torí ìgbà méjì ni fọ́ńkíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan á jáde, línkà á sì máa pariwo "multiple definition". CMake, irinṣẹ́ tó ń ṣètò kíkọ̀ǹpáìlì, mọ iṣẹ́ yìí ṣe fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 3.16. Kọ ọ́ báyìí: cmake -S . -B build-unity -G Ninja -DCMAKE_BUILD_TYPE=Release -DCMAKE_UNITY_BUILD=ON -DCMAKE_UNITY_BUILD_BATCH_SIZE=8, lẹ́yìn náà cmake --build build-unity -j 3. Ninja inú àṣẹ yìí ni irinṣẹ́ tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn core; màá sọ bí o ṣe máa gbé e wọlé nísàlẹ̀. Mẹ́jọ náà ni iye tí CMake máa ń lò bí o kò bá sọ nǹkan kan. Bí o bá kọ 0, gbogbo rẹ̀ ló máa kó sójú kan, ìyẹn ohun tó pa ẹ̀rọ rẹ lánàá. Wàá rí àwọn ìdì náà nínú fódà Unity lábẹ́ CMakeFiles, pẹ̀lú orúkọ bíi unity_0_cxx.cxx, ṣí ọ̀kan kí o kà á, kò sí awo kankan níbẹ̀. Kíyè sí i pé orí àṣẹ ni mo kọ ọ́ sí, n kò ní kí o kọ ọ́ sínú CMakeLists.txt. Ẹni tó ń kọ̀ǹpáìlì ló yẹ kó yàn án, torí ìwọ fúnra rẹ á fẹ́ fódà méjì: build fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, build-unity fún èyí tí o fẹ́ gbé fún oníbàárà. Ẹni tó bá ń lo Meson, irinṣẹ́ mìíràn bíi CMake, --unity on ni tirẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ló sì máa ń dì í bí o kò bá yí unity_size padà.

Ọ̀rọ̀ "redefinition" ló gba sùúrù jù, ó sì ń kọ mí lóminú pé o ní o ti "tún wọn ṣe tán", o kò sì sọ bí o ṣe ṣe é. Nínú C++, fọ́ńkíṣọ̀n tó bá ní static níwájú, tàbí tó wà nínú namespace tí kò lórúkọ, fáìlì tirẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Fáìlì ogún lè ní static void tunto() kálukú, kí ohun tí wọ́n ń ṣe sì yàtọ̀ síra, kò sí ìjà. Nígbà tí o bá dì wọ́n pọ̀, ilé kan náà ni gbogbo wọn wá ń gbé, orúkọ wọn á kọlu ara wọn. Bó bá jẹ́ pé o rí méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà tí o sì pa ọ̀kan rẹ́ torí pé o rò pé àṣetúnṣe ni, lọ wo git diff, tó ń fi ohun tí o yí padà hàn, báyìí báyìí. Ó ṣeé ṣe kí inú wọn má dọ́gba, o sì ti yí ìṣirò ọjà oníbàárà padà láìmọ̀. Bó bá jẹ́ static lo yọ, àṣìṣe náà kò lọ; nínú build tí a kò dì, ọ̀dọ̀ línkà ló máa ti yọ. Àtúnṣe tó tọ́ ni kí o fún wọn ní orúkọ tó sọ iṣẹ́ wọn, tuntoOja àti tuntoOwo, tàbí kí o fi namespace tó lórúkọ bo ohun abẹ́lé fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ méjì bá sì jọra ní ti gidi, gbé e lọ sí hẹ́dà kan kí gbogbo wọn máa pè é láti ibẹ̀. Ìyẹn dára fún kóòdù rẹ, ìbáà jẹ́ o da fáìlì pọ̀ tàbí o kò dà á pọ̀.

Aṣọ tí à ń rẹ nínú ìkòkò kan náà lè kó àwọ̀ ran ara wọn. Macro ni èyí tó burú jù nínú irú rẹ̀. Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá kọ #define MAX 50 tí kò sì fi #undef pa á lẹ́yìn, gbogbo fáìlì tó tẹ̀lé e nínú ìdì náà ló máa bá MAX yẹn pàdé. using namespace std tí o kọ sókè fáìlì kan á ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù bákan náà. Àwọn wọ̀nyí á sábà pariwo, wàá sì rí wọn. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni èyí tí kì í pariwo. Fi ojú inú wo owo.cpp tó ní static void ko(int iye), tó ń tẹ 5 jáde, àti risiti.cpp tó ní static void ko(double iye), tó ń tẹ 5.00 jáde. Nínú risiti.cpp o pe ko(5). Bí ó bá dá wà, ti double nìkan ló rí, ó sì lò ó. Bí wọ́n bá wà nínú ìdì kan náà, tí owo.cpp sì ṣáájú, ti int bá 5 mu ju ti double lọ, òun ni kọ̀ǹpáílà á yàn, kò sì ní bá ọ sọ nǹkan kan, torí pé òfin èdè C++ gan-an nìyẹn. Rìsíìtì á yí padà láìsí ìkìlọ̀. Nítorí náà, bí o bá máa gbé èyí tí a dì fún oníbàárà, ìdánwò rẹ gbọ́dọ̀ sáré lórí build-unity gan-an, kì í ṣe lórí build nìkan. Bí o kò bá ní ìdánwò kankan tí kọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ sáré, èmi kò ní gbà ọ́ níyànjú láti fi unity build ṣe èyí tí oníbàárà ń lò.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni hẹ́dà tí o gbàgbé láti pè. Fáìlì tó ń lo std::map láìpe <map> á kọjá nínú ìdì nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ti pè é. Ó ń jẹ nínú àwo ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí o bá fi fáìlì tuntun kan sí òkè àkójọ rẹ, gbogbo ìdì á sún, fáìlì yẹn á bọ́ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò mìíràn, àṣìṣe á yọ níbi tí o kò fọwọ́ kàn rárá. Ohun tó ń dènà èyí ni pé kí build tí a kò dì máa wà láàyè, kí ó máa kọjá láìlábàwọ́n nígbà gbogbo. Bí fáìlì kan bá kọ̀ jálẹ̀ láti bá àwọn yòókù gbé, bíi kóòdù tí ẹlòmíràn kọ tàbí èyí tí ẹ̀rọ ló kọ ọ́, má bá a jà. Kọ set_source_files_properties(fáìlì náà PROPERTIES SKIP_UNITY_BUILD_INCLUSION ON), á máa dá wà.

Ní ti ìnira kejì, ìyẹn iṣẹ́ ojoojúmọ́, má di fáìlì rárá. Bí o bá yí ìlà kan padà nínú oja.cpp tó wà nínú ìdì mẹ́jọ, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni kọ̀ǹpáílà á tún ṣe. Ohun tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí à ń yí ìlà kan padà lóòjọ́ pọ̀ ju ìgbà tí à ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ fíìfíì. Ibi tí màá fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kódà ṣáájú ọ̀rọ̀ ìdì: ṣé make lásán lo ń kọ? make tí kò ní -j, core kan ló ń lò. Ìdí ìṣẹ́jú 14 rẹ lè máà ju ìyẹn lọ. Fi sudo apt install ninja-build ccache gbé Ninja àti ccache wọlé. Ninja á lo gbogbo core láìjẹ́ pé o sọ fún un. Má retí pé ìṣẹ́jú 14 á di ìdá mẹ́rin rẹ̀ géérégé, torí RAM àti disk ni gbogbo core jọ ń lò, àmọ́ wàá rí ìyàtọ̀ tó tóbi lọ́jọ́ kan náà, láìfọwọ́ kan kóòdù kankan.

ccache wúlò fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná ń wá tí ó ń lọ. Ó ń fi èsì kọ̀ǹpáìlì kọ̀ọ̀kan pamọ́ sórí disk. Bí o bá tún mú fáìlì kan náà wá láìyí i padà, ì báà jẹ́ pé o ti pa fódà build rẹ́ tàbí o lọ sí branch mìíràn tí o sì padà wá, á gbé èsì àná fún ọ. Fi -DCMAKE_CXX_COMPILER_LAUNCHER=ccache kún àṣẹ cmake rẹ, kí o máa fi ccache -s wo iye ìgbà tó ràn ọ́ lọ́wọ́. Má ṣe gbé hẹ́dà tí a ti kọ̀ǹpáìlì sílẹ̀, ìyẹn target_precompile_headers, wọlé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ccache. Òun náà dára: <vector>, <string>, <map> àti hẹ́dà JSON tí kì í yí padà ni kí o kó sínú rẹ̀, kì í ṣe hẹ́dà tìrẹ tí o ń tún kọ lójoojúmọ́, torí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, gbogbo fáìlì 120 ló máa tún ṣe. Ṣùgbọ́n ccache kì í bá a ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi bí o bá yí ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ sloppiness sí pch_defines,time_macros. Mú ọ̀kan, wọn àkókò rẹ̀, kí o tó mú èkejì.

Bí iná bá lọ lójijì tí kọ̀ǹpáìlì ń lọ lọ́wọ́, má pa fódà build rẹ́. Ninja mọ ibi tó dé, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tó lè bàjẹ́ ni fáìlì .o tó wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpáílà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an; ó lè wà níbẹ̀ láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀, kí línkà sì máa kọ̀ ọ́. find build -name '*.o' -size 0 -delete á kó irú wọn kúrò, àwọn tó kù á sì wà fún ọ. Tún ṣàyẹ̀wò pé láptọ́ọ̀pù rẹ kò sí lórí power saver nígbà tó bá wà lórí bátìrì, torí ó ń dín eré core kù láìsọ fún ọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yàrá bá gbóná, tí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ti dí fún eruku, ooru á ṣe bẹ́ẹ̀ sí i bákan náà.

N kò lè jókòó síbí kí n sọ pé ìṣẹ́jú 2 ni tìrẹ máa di. Ó dá lórí ibi tí àkókò náà ń lọ, ẹ̀rọ rẹ nìkan ló sì lè sọ ọ́. Bí o bá ní Clang 9 tàbí èyí tó jù ú lọ, fi -ftime-trace kọ̀ǹpáìlì fáìlì mélòó kan. Á kọ fáìlì JSON sẹ́gbẹ̀ẹ́ .o kọ̀ọ̀kan tí o lè fi chrome://tracing ṣí. Apá tó ń jẹ́ Frontend ni hẹ́dà àti template, èyí tó ń jẹ́ Backend ni kíkọ èdè ẹ̀rọ àti mímú kó yára. Bó bá jẹ́ Frontend ló gba èyí tó pọ̀ jù, dídì fáìlì á bá ọ lára mu gan-an. Bó bá jẹ́ Backend, èrè rẹ̀ á kéré, -O0 fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló máa ràn ọ́ lọ́wọ́, ìyẹn CMAKE_BUILD_TYPE=Debug. Bó bá sì jẹ́ pé línkà ló ń pẹ́ lópin, gbé lld tàbí mold, àwọn línkà tó yára, wọlé, kí o fi -fuse-ld=lld tàbí -fuse-ld=mold sí i; ìdì kankan kò lè ṣe ìyẹn fún ọ.

Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí nígbà tí iná bá wà: git diff àwọn "redefinition" tí o tún ṣe ni kí o kọ́kọ́ wò, torí owó oníbàárà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi time wọn kíkọ̀ǹpáìlì látìbẹ̀rẹ̀ lórí Ninja lásán, láìsí ccache, kí o wọn ti build-unity pẹ̀lú ìdì mẹ́jọ àti ìdì mẹ́rin, kí o wá touch oja.cpp kí o sì wọn àtúnṣe ẹyọ kan nínú fódà méjèèjì. Fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fáìlì JSON kan láti inú -ftime-trace, èyí tó bá pẹ́ jù nínú àwọn 120, màá wo hẹ́dà tó ń dá ọ dúró.